Sí Àbúrò Mi Tó Ń Wá Ìbọn Rà ní Lẹ́kí

Badore, Àjà,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ewu o, ìwọ, ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì tún un gbọ́ kí n tó mú bírò. Olè wọ ilé kejì sí tiyín, wọ́n kó fóònù àti góòlù, wọn ò pa ẹnikẹ́ni. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ mo mọ̀ pé láti òru ọjọ́ náà, bí ológbò bá fò lu páànù báyìí, ẹ ti dìde jókòó. N kò ní fi ẹ̀rù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí wọn ò bá tíì fọ́ ilẹ̀kùn ilé aládùúgbò rẹ̀ lóru ló lè máa sọ pé kí o fọkàn balẹ̀.

O bi mí pé irú ìbọn wo ló dáa kéèyàn ní nínú ilé. O ní ẹnì kan ti ṣe tán láti bá ọ wá ìbọn ìléwọ́, èyí tó kéré tó lè wà lábẹ́ ìrọ̀rí. O ní èmi tí mo ti bá àwọn lọ́yà ṣiṣẹ́ pẹ́, kí n sọ èyí tí òfin gbà fún ọ. Màá sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wàá jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí o ra ìkankan.

Òfin ìbọn tí à ń lò ní Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1959, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín ìbọn sí. Èyí tó kà léèwọ̀ ni àkọ́kọ́: bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò ọta, ìbọn ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ pátápátá. Kódà ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ tó ń fi òkúta ṣáná wà lára wọn. Láìjẹ́ pé Ààrẹ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i, kò sí ará ìlú tó gbọdọ̀ ní in. Ẹni tó ń bá ọ dúnàá-dúrà yẹn kì í ṣe Ààrẹ. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ọ lọ́wọ́, òfin yẹn náà ló sọ pé ẹ̀wọ̀n rẹ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Ọ̀nà kejì ni èyí tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá lè fún ará ìlú níwèé àṣẹ lé lórí: ìbọn ọdẹ tí èèyàn ń fi ọwọ́ ki kátíríìjì sí, irú ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, àwọn oríṣi ìbọn ọdẹ ọlọ́ta ẹyọ kan, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ìkẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹbí rẹ̀. Èyí tí o máa ń rí lọ́wọ́ àwọn fijilanté, tí wọ́n ń fà sẹ́yìn kí ọta mìíràn tó bọ́ sójú rẹ̀, òfin náà yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó tò sílẹ̀ fún ará ìlú.

Wọ́n tún ka àwọn tí wọn kò gbọdọ̀ fún níwèé rárá: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ọ̀mùtí, ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn, àti ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Ojú tèmi nìkan ti tó láti lé mi kúrò lórí ìlà. Ìwọ náà tí o ń fọwọ́ wá awò ojú rẹ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, rò ó wò.

Ìjọba wa kì í fi ọ̀rọ̀ ìbọn ṣeré láti ìgbà tí ogun abẹ́lé parí, tí ìbọn fọ́n káàkiri ìlú, tí adigunjalè sì gbòde. Ọdún 1970 ni wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n yìnbọn pa adigunjalè. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, wọ́n so Ishola Oyenusi, tí gbogbo Èkó ń pè ní Dókítà, mọ́ òpó ní etí òkun Bar Beach lójú ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó yanrìn kún òkun fún Eko Atlantic, o sì ń wakọ̀ kọjá nítòsí rẹ̀ tí o bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí ọlọ́pàá bá bá ìbọn ìléwọ́ nínú ọkọ̀ rẹ ní ìkóríta Àjà, kò ní bi ọ́ bóyá nítorí ilé lo ṣe rà á. Adigunjalè ni wàá kọ́kọ́ jẹ́. Ta ló sì mọ iṣẹ́ tí ìbọn yẹn ti ṣe kó tó dé ọwọ́ rẹ? Ìbọn tí kò níwèé ti ní ìtàn tirẹ̀ kí o tó mọ̀ ọ́n, ẹni tó sì tà á fún ọ mọ̀ báyìí pé o lówó, ó mọ ilé rẹ, ó tún mọ ibi tí o fi ìbọn sí.

Jẹ́ ká gbà pé o gba ìwé àṣẹ, o ra èyí tí òfin fẹ́. Aago méjì òru lù, o gbọ́ ìró ní ìsàlẹ̀. Báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é? Ìbọn kò gbọdọ̀ wà níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ lè tó o, nítorí náà inú àpótí ló wà, kátíríìjì sì wà níbòmíràn. Kí o tó ṣí èkíní, kí o tó ṣí èkejì, kí o tó rí awò ojú rẹ, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ti dé òkè. Bí o bá sì ní rárá, kíkì lo máa fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, a jẹ́ pé ọmọ rẹ tó jẹ́ ọdún mẹ́ta yẹn ló kù tí kò tíì rí i.

Ta tilẹ̀ ni ẹni tó wà nísàlẹ̀? Àbúrò ìyàwó rẹ tó ń ti ibi iṣẹ́ dé lọ́gànjọ́, tó máa ń gba ilẹ̀kùn kíṣìnì wọlé kó má bàa jí yín, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti olè. O rántí Oscar Pistorius, eléré ìje ará Gúúsù Áfíríkà. Inú ẹ́sítéètì tó ní ògiri àti ẹ̀ṣọ́ ní Pretoria ló ń gbé, ìbọn rẹ̀ sì níwèé àṣẹ. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2013, ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹrin gba ara ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà ní títì. Ó ní olè lòun rò pé ó wà níbẹ̀. Reeva Steenkamp, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, ló kú. Àlàyé yẹn kò gbà á sílẹ̀: ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìpànìyàn ni. Ìlànà Òfin wa ti ọdún 1999, ní abala 33, gbà kéèyàn fi agbára tó bá ọ̀rọ̀ mu gbèjà ara rẹ̀ tàbí dúkìá rẹ̀. Àmọ́ ìwọ ni wàá jókòó ní àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wàá máa ṣàlàyé, òkú yóò sì ti wà nílẹ̀.

Ilé alásopọ̀ lẹ̀ ń gbé, àbúrò mi. Ilẹ̀kùn pákó tẹ́ẹ́rẹ́, fèrèsé gíláàsì, àjà POP: kò sí èyí tó lè dá ọta dúró nínú wọn. Ìyá àgbà tó ń sùn ní ilé tó kọjú sí tiyín lè jẹ nínú ohun tí o bá yìn.

O sọ nípa Amẹ́ríkà pé gbogbo ilé ló ní tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé, ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Ní ọdún 1993, Arthur Kellermann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nínú New England Journal of Medicine lórí àwọn tí wọ́n pa sínú ilé ara wọn ní àgbègbè mẹ́ta. Ewu pé kí wọ́n pa èèyàn ní ilé tó ní ìbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ilé tí kò ní. Ọwọ́ ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti kú, kì í ṣe ọwọ́ olè.

Èèyàn lè ní nítorí pé wọn ò kọ́ṣẹ́ ni. Lábẹ́ afárá Àjà níbí, lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2022, ọlọ́pàá ni, ẹni tí ìjọba kọ́ ní ìbọn yíyìn, ló yìnbọn pa lọ́yà Bọ́láńlé Raheem tó wà nínú oyún, tí òun àti ẹbí rẹ̀ jọ wà nínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ti Èkó dá ẹjọ́ ikú fún ọlọ́pàá náà. N kò lè gba ibẹ̀ kọjá kí n má ronú nípa rẹ̀.

Àwọn tó sì ń mú ìbọn wá jalè kì í dá wá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 2015, orí omi ni wọ́n gbà dé báńkì kan ní Lẹ́kí Phase 1, wọ́n pa èèyàn, ọlọ́pàá wà lára àwọn tó kú, wọ́n sì gba orí omi náà lọ. Lẹ́kí tí òkun wà lápá kan rẹ̀, tí ọ̀sà wà lápá kejì! Ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ọta méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, o ti sọ fún wọn pé ìjà lo fẹ́.

O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ìbọn wà nílé Bàbá wa àgbà?" Ó wà. Mo sì rántí ju ìwọ lọ. Ṣakabùlà Bàbá, igbó ló ń bá a lọ. Tó bá dé, orí àjà ló ń gbé e kọ́, ẹ̀tù sì wà nínú ado lọ́tọ̀. Ìgbà tí olè wọ àgbàlá yẹn, Bàbá ò tiẹ̀ wo ọ̀nà àjà. Ìyá àgbà ló figbe ta pé "Olè! Olè o!" Kó tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo agboolé ti jáde pẹ̀lú fìtílà àti àdá. Ohùn Ìyá ló lé olè lọ. Ìwọ àti ọkùnrin tí wọ́n jà lólè yẹn jọ ń gbé àdúgbò láti ìgbà tí ẹ ti kó dé Lẹ́kí, o ò sì mọ orúkọ rẹ̀. "Ọ̀gá onílé pupa" lo pè é nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ìwọ bá pariwo lóru, ta ni yóò mọ̀ pé ìwọ ni?

Dípò ìbọn, ìṣẹ́jú ni kí o máa rà. Gbogbo ohun tó bá ń dá olè dúró láti ara ògiri ọgbà títí dé yàrá yín, òun ni ààbò. Wẹ́dà tó ṣe irin ojú fèrèsé rẹ lè ṣe géètì onírin sí orí àtẹ̀gùn, tí ẹ ó máa tì lálaalẹ́ kí ẹ tó sùn, tí ìsàlẹ̀ yóò di ti olè bó bá wọlé, tí òkè yóò ṣì jẹ́ tiyín. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbi tí àgbà lè mú un nínú òkùnkùn, nítorí iná lè ṣẹ́ yọ, mo sì ti rí ilé tí irin ààbò sé àwọn onílé mọ́. Ilẹ̀kùn yàrá yín, ẹ yọ pákó òfìfo yẹn, ẹ fi igi gidi sí i. Ẹ fi fóònù kan sínú yàrá náà tí kì í jáde níbẹ̀, tí nọ́ńbà 112 àti 767 wà lórí rẹ̀, àti ti olórí ẹ̀ṣọ́ ẹ́sítéètì, àti ti aládùúgbò méjì. Jẹnẹrétọ̀ yín tó wà lábẹ́ fèrèsé yẹn, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Bó bá ti ń ké, èèyàn mẹ́wàá lè fò wọlé kí ẹ má gbọ́. Bí òjò bá ń rọ̀ gan-an, kí ẹ máa ṣọ́ra ní ìlọ́po méjì. Ajá dáa.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2016 kò gbé ìbọn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fojú di wọ́n. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tó ń rìn kiri àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí wọn.

Bí olè bá sì borí gbogbo rẹ̀ tó dé iwájú yín, ẹ fún un ní ohun tó fẹ́. Fóònù mìíràn wà lọ́jà Computer Village.

Bí o bá kọ̀ jálẹ̀ pé ìbọn ṣáà ni, lọ bi wọ́n ní oríkò ọlọ́pàá ní Ìkẹjà bóyá wọ́n ń fúnni níwèé àṣẹ lásìkò yìí, kí o sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ bá ọ lọ, kó mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbé wọlé. Owó tí o ti yà sọ́tọ̀ fún ìbọn ìléwọ́ yẹn tó ṣe géètì orí àtẹ̀gùn, yóò sì ṣẹ́kù. Má fún ẹni tó fẹ́ bá ọ wá ìbọn yẹn ní kọ́bọ̀, má sì jẹ́ kó wá sílé yín mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá onílé pupa, kí o kí i kú ewu, kí o sì bi í léèrè orúkọ rẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.