Kóòtù Kan, Ọrùn Mẹ́ta

Nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ ilé máa ń bi wá lórí fóònù, ti aṣọ ló pọ̀ jù. Wọn kì í sábà béèrè ohun tí a ń kọ́ ní yunifásítì. Ibi tí a ti ra bàtà ni wọ́n ń béèrè. Nítorí náà ni a ṣe pinnu láti kọ ìtàn aṣọ wa sílẹ̀ níhìn-ín, láìfi ọ̀kan pe méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan wà nínú rẹ̀ tí ojú ṣì ń tì wá láti sọ.

Àwa mẹ́ta ni a jọ ń gbé yàrá kan ní Párìsì: ọ̀kan láti Kétu, ọ̀kan láti Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀kan láti Àjàṣẹ́. Oṣù kẹsàn-án ni a dé ibẹ̀. Ohun tó wà nínú àpótí wa kò ju ohun tí ọmọ Benin ń wọ̀ lójoojúmọ́ lọ: ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò jíìnsì, àti bùbá òun ṣòkòtò kọ̀ọ̀kan tí ìyá wa aránṣọ ní Kétu rán fún wa láti inú aṣọ kan náà. Ìyá yìí jẹ́ àbúrò ìyá ẹnì kan nínú wa, ṣùgbọ́n ìyá gbogbo wa ló sọ ara rẹ̀ dà. Ó ní kí a wọ aṣọ náà lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí wa. A dúpẹ́, a sì tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, òtútù dé. Ẹni tí kò kúrò nílé rí lè rò pé bí ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ a máa gbẹ ètè, a máa la ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ a máa wọ inú eegun lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí a wọ̀ lé ara wọn kò ràn wá lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí òtútù, a tún rí i pé aṣọ ń sọ̀rọ̀ ní ìgboro yẹn. Ní àdúgbò yunifásítì, dúdú àti eérú ni àwọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn: kóòtù gígùn, bàtà funfun, ìborùn tí wọ́n wé mọ́ ọrùn bí ẹni pé wọn kò bìkítà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti pẹ́ níwájú dígí. Bí a bá sì wọ métro dé Château Rouge, ní àdúgbò Goutte d'Or, ayé mìíràn ni. Níbẹ̀ ni àwọn ìyá ti ń wọ ańkárá sábẹ́ ẹ̀wù òtútù, tí gèlè wọn sì ń yọ lókè. Níbẹ̀ ni a ti rí àwọn ọkùnrin Kóńgò tí wọ́n ń pè ní sapeurs, tí wọ́n ń fi kóòtù, táì àti bàtà dídán ṣe afẹ́, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí àwọ̀ ara wọn ju mẹ́ta lọ.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. A kò fẹ́ kí a rí wa sí ẹni tí òtútù ń gbá kiri. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, a wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ àlòkù kan lẹ́bàá Barbès. Ẹni tó bá mọ Missèbo ní Kútọnu mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní Missèbo, a ń ra ohun tí Òyìnbó bọ́ sílẹ̀ tó sì ti rìn wá bá wa. Ní Barbès, àwa la rìn lọ bá a. Ibẹ̀ ni a ti rí kóòtù náà: aláwọ̀ ilẹ̀, irun àgùntàn gidi, gígùn, tó ní aṣọ dídán nínú. Bọ́tìnnì kejì láti òkè ti já. Yúrò 12 ni wọ́n pè é, èyí tó sún mọ́ sẹ́fà 7,900. Kò sí ẹni tó lè dá a rà nínú wa lóṣù náà. Yúrò mẹ́rin mẹ́rin ni a dá.

Báyìí ni kóòtù kan ṣe bọ́ sí ọrùn mẹ́ta. A pín ọjọ́: ọmọ Kétu ní Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní Ìṣẹ́gun àti Ẹtì, ọmọ Àjàṣẹ́ ní Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Ìsinmi jẹ́ ti ẹni tó bá ní ibi pàtàkì í lọ. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ga, apá kóòtù kò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ni ó bá ń ká a sókè bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rán an. Ọmọ Àjàṣẹ́ kúrú, ó ń gbá ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ni ó bá ń ṣí i sílẹ̀ gbayawu, tí ó sì fi ìborùn ańkárá sí ọrùn. Ọmọ Kétu dé fìlà abetí ajá lé e. A kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé etí fìlà náà dára tó bẹ́ẹ̀ fún òtútù: bí a bá yí i wálẹ̀, ó bo etí wa pátápátá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé a máa dá wa dúró lójú ọ̀nà láti béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Oge náà wọ̀ wá lára. A ń ya àwòrán: níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur, lórí afárá odò Seine, níwájú fèrèsé àwọn ṣọ́ọ̀bù tí a kò lè wọ inú wọn. A ń fi wọ́n ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp, ilé sì ń yìn wá. "Ẹ ti di Faransé!" "Ẹ rántí wa o!" A kò dá wọn lóhùn pé rárá. Ẹ̀rín la máa ń fi ránṣẹ́ padà.

Ní ọjọ́ kan lóṣù kejì, ìyá wa aránṣọ pè wá. Lẹ́yìn ìkíni, ó béèrè pé:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni nínú yín ló ni kóòtù yẹn?"

A ní kóòtù wo?

"Aláwọ̀ ilẹ̀. Bọ́tìnnì kejì láti òkè ti já. Ó já lára ọmọ Kétu, ó já lára ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ó já lára ọmọ Àjàṣẹ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ránṣọ. Kóòtù mẹ́ta kì í já bọ́tìnnì kan náà."

A bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dára tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò yín ti ta alùpùpù tí bàbá yín fi sílẹ̀."

Àbúrò ẹnì kan nínú wa ni. Iṣẹ́ jórinjórin ló ń kọ́ ní Kétu, ọdún kan péré ló kù kí ó gba òmìnira. Ó ti kó owó alùpùpù náà fún ọkùnrin kan tó ṣèlérí pé òun yóò bá a wá físà ilẹ̀ Yúróòpù. Ó sì ti dágbére fún ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí ìyá bi í léèrè ohun tó dé, àwòrán wa ló fi hàn án. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí kò tíì níṣẹ́ lọ́wọ́, ló ń wọ irú kóòtù yìí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ní tiwọn. Èmi tí mo níṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́?"

A kò lè fèsì. Ẹnu wa kò purọ́ fún ọmọ náà rí. Kóòtù wa ló bá wa purọ́, àwa sì jókòó, a ń gba oríyìn rẹ̀. Àwòrán wa kò fi hàn án pé a ti ní láti mú ẹ̀rí owó yúrò 615 lóṣù kalẹ̀ kí a tó rí físà akẹ́kọ̀ọ́ gbà, àti pé ará ilé yá nínú owó náà. Kò fi hàn án pé wákàtí 964 péré ni òfin Faransé gba akẹ́kọ̀ọ́ àjòjì láyè láti fi ṣiṣẹ́ lọ́dún, àti pé ibi tí à ń fọ abọ́ sí lóru ni a ti ń lò wọ́n. Kò sì fi ẹni méjì tó kù hàn án, àwọn tó jókòó sílé nítorí pé kóòtù ti jáde.

Lóṣù náà gan-an, ọ̀kan nínú wa yá ìwé kan ní ilé ìkàwé: Bleu-Blanc-Rouge, tí Alain Mabanckou, ọmọ Kóńgò-Brazzaville, tẹ̀ jáde ní ọdún 1998. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, tó rí ọmọ ìlú rẹ̀ tó ti Párìsì dé pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye, tó sì tẹ̀ lé e lọ. Ẹ̀wọ̀n ni ìrìn-àjò náà gbé e dé, wọ́n sì dá a padà sílé. A ka ìwé náà títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ojú tí a fi ń wo àwọn sapeurs Château Rouge ti yàtọ̀. A kò kẹ́gàn wọn. Iṣẹ́ ọnà ni ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ẹni tó ń wò wọ́n láti òkèèrè.

Ọmọ Kétu wá mú ọ̀rọ̀ kan wá tí a kò gbàgbé. Ó ní, "Ṣé aṣọ àyálò kọ́ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ń wọ̀?" Òótọ́ ni. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ogún gbogbo aráyé ni, ọkùnrin ló ń jó o, gèlè àti ìró àwọn ìyá àti ìyàwó ni wọ́n sì ń yá dì mọ́ra. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjà ló mọ̀ pé aṣọ obìnrin ni. Obìnrin tó ni ín dúró láàrin èrò, ó ń wo aṣọ rẹ̀ bó ṣe ń jó, inú rẹ̀ sì ń dùn, nítorí pé ọlá àwọn ìyá ni ijó náà. Kò sí ẹni tí aṣọ àyálò náà tàn jẹ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀ a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Àwa ti ká apá kóòtù, a ti ṣí i sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé kò bá wa mu.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a ya àwòrán mìíràn. A tẹ́ kóòtù náà sórí ibùsùn, àwa mẹ́ta jókòó yí i ká nínú yàrá wa, pẹ̀lú ìkòkò kan àti ṣẹ́ẹ̀tì tí a sá sórí ìjókòó. A kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Kóòtù kan ni. Yúrò 12. Àwa mẹ́ta la ni ín." A kọ iye wákàtí tí a fi ń fọ abọ́ àti iye gbèsè tó wà lọ́rùn wa. A fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí a ti fi àwọn ti ìṣáájú ránṣẹ́ sí.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kò gbà wá gbọ́. Wọ́n ní à ń sọ bẹ́ẹ̀ kí a má baà fi owó ránṣẹ́ ni. Àbúrò wa kò dá wa lóhùn fún oṣù mẹ́ta. Owó alùpùpù kò padà. Ẹni tó gbà á kò gbé fóònù mọ́. Níkẹyìn, ìyá wa aránṣọ fúnra rẹ̀ ló mú ọmọ náà lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tó pè wá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá ti sọ fún mi." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dá owó jọ láti ra alùpùpù mìíràn. A kò tíì dá a pé.

A kò tìtorí èyí pa oge tì. Ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ nínú wa fẹ́ gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí ìsàlẹ̀ àpótí, a wọ aṣọ tí ìyá rán. Ó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mu, nítorí pé ara wa ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó gé e. Nígbà òtútù, a ń wọ ẹ̀wù tó nípọn sábẹ́ bùbá náà, kóòtù a sì wà lórí rẹ̀. Tí a bá ya àwòrán, a máa ń sọ iye tí a ra ohun tó wà lára wa àti ẹni tó rán an.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti Tógò, a kò sọ pé kí ẹ má rìnrìn àjò. Àwa náà rìn. Ohun tí à ń bẹ̀ yín ni pé bí àwòrán ẹnikẹ́ni láti òkè òkun bá wọ̀ yín lójú, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó ta ohunkóhun. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà lókè òkun bíi tiwa, ẹ jẹ́ kí ará ilé rí bọ́tìnnì tó já.

Ìyá wa aránṣọ ti fi bọ́tìnnì kan rán èrò kan sí wa láti Kétu, ó dì í sínú bébà kékeré. Àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti àwọn yòókù mu. A ti gán an mọ́ kóòtù náà. Ìdí rẹ̀ rèé tí ẹni tó bá pàdé ọ̀kan nínú wa ní Château Rouge yóò fi rí kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ tí bọ́tìnnì rẹ̀ kejì láti òkè jẹ́ aláwọ̀ aró.