Iṣẹ́ Tí Mo Ń Kọ́ Lẹ́yìn Ìfẹ̀yìntì: Bí A Ṣe Ń Fún Àwòrán Ní Ẹ̀mí

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí ni mo fi ń dá àwọn ará àdúgbò lóhùn nígbà tí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń wá nídìí kátúùnù. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Rín in tán, kí o sì tẹ́tí sílẹ̀. Ọdún 33 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo gba owó ìfẹ̀yìntì, mo yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń mú kí àwòrán ènìyàn àti ti ẹranko máa rìn, kí ó máa ronú, kí ó máa bínú, kí ó sì máa rẹ́rìn-ín lórí ẹ̀rọ. Ẹni ọdún 57 ni mí. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀.

N kò fi iṣẹ́ yìí pa ọwọ́ dídilẹ̀. Ìyá tó bí mi ti lé ní ẹni 80 ọdún. Apàlọ́ ni, ọwọ́ ni ó sì fi ń pa àlọ́ ju ẹnu lọ. Bí ó bá dé ibi tí Ìjàpá ti fẹ́ jalè, yóò fa ọrùn wọnú, yóò ká èjìká méjèèjì sókè, ìka rẹ̀ yóò sì máa rìn lórí itan rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. A ó ti máa rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó ti dé. Nígbà mìíràn yóò bẹ̀rẹ̀ àlọ́ Ìjàpá àti ajá, yóò sì parí rẹ̀ sí ti Ìjàpá àti erin. Àwọn ọmọ ọmọ mi méjì sì wà ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá tí wọ́n gbọ́ kò pọ̀, Ìjàpá tí wọ́n mọ̀ kò sì ju orúkọ lásán lọ. Mo ti gba ohùn ìyá mi sórí fóònù, ṣùgbọ́n ohùn kò gbé ọwọ́ dání. Bí a bá sì ní kí a ya fídíò rẹ̀, ńṣe ni yóò tún gèlè ṣe, tí yóò jókòó ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu pé kí Ìjàpá fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ìyá mi pa àlọ́ náà fún àwọn ọmọ yìí, nígbà tí ẹni tó ni ọwọ́ náà ṣì lè wò ó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ọ. Àwòrán kò rìn rí. Ojú wa ni ó ń rò pé ó ń rìn. Bí a bá fi àwòrán 24, tí ọ̀kan fi díẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì, han ojú láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1, ojú yóò so wọ́n pọ̀ di ìrìn kan ṣoṣo. Ní ọdún 1914, Winsor McCay ará Amẹ́ríkà fi ọwọ́ ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ẹranko ayé àtijọ́ kan tí ó pè ní Gertie. Ẹranko náà ń jó, ó sì ń sunkún nígbà tí wọ́n bá a wí. Ní ọdún 1995, Toy Story tí ilé-iṣẹ́ Pixar ṣe di fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe gbogbo àwòrán rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ère kan ni a óò kọ́kọ́ mọ, a óò fi egungun sí i nínú, a óò wá máa tẹ apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí a ti fẹ́. A óò fi ìdúró pàtàkì kan síbí, a óò fi òmíràn sọ́hùn-ún, kọ̀ǹpútà yóò sì fúnra rẹ̀ dí àárín wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò pé iṣẹ́ ti parí, bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mọ bí ọwọ́ ṣe ń ti ibí dé ọ̀hún, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó mú ọwọ́ gbéra. Ojú rẹ àti sùúrù rẹ ni yóò sọ èyí fún un, a kì í sì í rí ìwọ̀nyí rà lọ́jà.

Bọ́ọ̀lù ni ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní. Má ṣe fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ju ọsàn kan sókè kí o sì wò ó dáadáa. Bí ó ti ń lọ sókè ni eré rẹ̀ ń dínkù. Ní òkè pátápátá yóò dà bí ẹni pé ó dúró díẹ̀. Bí ó ti ń bọ̀ nílẹ̀ ni eré rẹ̀ tún ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, nínú àwòrán, àwọn bọ́ọ̀lù tó wà lókè gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn, àwọn tó ń já bọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà síra wọn. Bí gbogbo àlàfo bá dọ́gba, bọ́ọ̀lù náà kò ní wúwo rárá. Yóò máa léfòó bí òwú nínú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, fi bọ́ọ̀lù rọ́bà, ọsàn àti ọmọ ọlọ wé ara wọn. Rọ́bà yóò ta sókè lọ́pọ̀ ìgbà, ọsàn yóò ta lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ ọlọ yóò dún gbì, yóò sì dúró síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 gbáko ni mo fi wà lórí bọ́ọ̀lù nìkan, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ni àpò fúláwà. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Disney ni ẹ̀kọ́ yìí ti gbajúmọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ yóò ya àpò tí kò ní ojú, tí kò ní ẹnu, yóò sì mú kí inú àpò náà dùn tàbí kí ó bàjẹ́. Ìwọ ọmọ Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́. Ṣé o rí ojú egúngún rí? Aṣọ ni a ń rí. Síbẹ̀, bí egúngún bá ń bọ̀ lọ́nà, ọmọdé mọ èyí tó ń bínú yàtọ̀ sí èyí tó wá ṣeré, nítorí pé gbogbo ara ni ó ń sọ̀rọ̀. Frank Thomas àti Ollie Johnston, tí wọ́n bá Disney ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ìwé kan jáde ní ọdún 1981 tí wọ́n pè ní The Illusion of Life, wọ́n sì to òfin 12 sínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí ara tó ṣe ohun kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ múra: ẹni tó fẹ́ fò yóò tẹ orúnkún, ẹni tó fẹ́ sọ òkò yóò fa ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn baba wa ti wí i pé àgbò tó bá tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Fi àgbò yìí sọ́kàn ní gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ kí àwòrán rẹ gbéra.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ìrìn. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ní ìdúró pàtàkì 4: gìgísẹ̀ kan ilẹ̀, ara rì sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹsẹ̀ náà ti ń gba ẹrù ara, ẹsẹ̀ kejì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara tún ga sókè kí gìgísẹ̀ kejì tó kanlẹ̀. Fún ẹni tó ń rìn déédéé, àwòrán 12 ni a sábà máa ń lò fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ìgbésẹ̀ 2 ní ìṣẹ́jú àáyá 1. Èyí wà nínú ìwé. Ìyókù, ọjà Bódìjà ni mo ti lọ kọ́ ọ. Mo máa ń jókòó sí ìsọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ìrẹsì, mo sì ń wo àwọn alábàárù. Ẹni tó ru àpò kì í gbé ẹsẹ̀ gígùn; kúkúrú kúkúrú ni, ó sì yá. Orí rẹ̀ kì í lọ sókè sódò bí ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Orúnkún ni ó ń gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá sọ ẹrù kalẹ̀, kì í rìn lọ lójú ẹsẹ̀. Yóò dúró díẹ̀, bí ẹni tí ara rẹ̀ ṣì ń wá àpò náà. Lára àwọn alábàárù yìí ni mo ti mú ìrìn Ìjàpá, ẹni tí ó ń ru ilé rẹ̀ kiri láti ọjọ́ tí a ti bí i.

Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí o rò pé o mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ayàwòrán ń ya ẹṣin tó ń sáré pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì tó nà síwájú àti méjì tó nà sẹ́yìn. Ní ọdún 1878, Eadweard Muybridge ya fọ́tò ẹṣin léraléra ní California, ó sì hàn pé nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kúrò nílẹ̀, abẹ́ ikùn ni wọ́n ká sí.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ó ṣòro jù, òun sì ni mo fẹ́ kí o mú lọ: èrò ni ń ṣáájú ara. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ láti ẹ̀yìn, ojú rẹ ni yóò kọ́kọ́ yí, orí á tẹ̀ lé e, èjìká á tẹ̀ lé orí. Bí gbogbo wọn bá yí lẹ́ẹ̀kan náà, ère ni a ó rí. Mo jókòó ti ìyá mi ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́, mo ní kí ó pa àlọ́ kan náà fún mi. N kò gbé fóònù jáde. Ìwé àti bírò ni mo mú lọ́wọ́. Mo ṣàkíyèsí pé kí Ìjàpá tó purọ́, ọwọ́ ìyá mi máa ń dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, ojú rẹ̀ á lọ sí ẹ̀gbẹ́, ìgbà náà ni irọ́ yóò tó jáde lẹ́nu. Ìdúró yẹn tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn àwòrán 12 tí nǹkan kan kò mira nínú wọn àfi ojú. Lẹ́yìn náà, mo lọ síwájú dígí nínú yàrá mi, mo ṣe é bí ó ti ṣe é, mo sì fi fóònù ya ara mi. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Má ṣe tijú rẹ̀.

Ẹni tó ń kọ́ mi kò ju ọmọ ọdún 22 lọ. Ọmọ aládùúgbò wa ni. Ó ń pè mí ní Bàbá, èmi náà ń pè é ní Ọ̀gá. Ìbéèrè kan ni ó máa ń bi mí: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni Ìjàpá ń rò níbí yìí?" Bí ìdáhùn kò bá yá mi lẹ́nu, a jọ mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù. Ìwọ náà, wá ẹni tí yóò máa bi ọ́ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Pa ohùn eré rẹ, kí o fi han ọmọdé tí kò mọ ìtàn náà. Bí ó bá lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, o ti ń tẹ̀ síwájú nìyẹn.

Má sì sọ pé owó kò sí. Blender tí mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Ton Roosendaal ará Netherlands ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀; ní ọdún 2002, àwọn ènìyàn káàkiri ayé dá 100,000 yúrò jọ kí ó lè di ti gbogbo ènìyàn. Bí iná mànàmáná bá lọ, mo máa ń ya àwọn ìdúró Ìjàpá sínú ìwé títí iná yóò fi dé. Iṣẹ́ tó lè mú oúnjẹ wá ni pẹ̀lú. Ní ọdún 2024 ni Iwájú jáde, eré tí ilé-iṣẹ́ Kugali àti Disney jọ ṣe nípa ìlú Èkó. Olufikayo Adeola, ọmọ Nàìjíríà, ni ó darí rẹ̀. Ní ọdún 2025, Iyanu tí Roye Okupe dá sílẹ̀ jáde, àṣà Yorùbá ni wọ́n sì gbé e kà.

Ní tèmi, ìṣẹ́jú àáyá 40 ni mo ti parí nínú àlọ́ tí yóò gba ìṣẹ́jú 3. Àwòrán 960 nìyẹn. Mo fi í ránṣẹ́ sí Manchester. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 7, pè mí lórí fóònù, ó ní: "Bàbá àgbà, kí ló dé tí Ìjàpá ń ṣe ọwọ́ bíi ti Ìyá Ìbàdàn?" Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ yìí rí ìyá mi rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ síwájú ìyá mi. Ó wò ó, ó ní kí n tún un fi han òun. Ó wá ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kí o jí ọwọ́ mi?" Ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 20 ló kù. Ní ọjọ́ mìíràn, ìyá mi máa ń gbàgbé pé òun ti rí i. Ọkàn mi ń sáré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò gba ìkánjú. Èyí tí mo bá kánjú ṣe kò ní jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Lákòótán, ọ̀rọ̀ yìí kan àròkọ tí ìwọ yóò kọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìlapa èrò rẹ ni àwọn ìdúró pàtàkì. Bí o kò bá wo ayé dáadáa, kò sí ohun tí o fẹ́ fi dí àárín wọn. Má ṣe kọ ọ́ pé alábàárù ru ẹrù wúwo, kí o sì dákẹ́. Sọ bí ó ṣe gbé ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bí o kò bá ní kọ̀ǹpútà, mú ìwé àtijọ́ kan, ya bọ́ọ̀lù sí igun ojú-ewé 24, kí o sì fi àtàńpàkò ṣí wọn kíákíá; ìwọ yóò rí bọ́ọ̀lù tó ń ta. Ṣùgbọ́n má ṣe yà á sí etí ìwé ìdáhùn rẹ o. Ẹni tó ń máàkì kò ní fún ọ ní máàkì kankan lórí rẹ̀.