Ọ̀sẹ̀ Kan Lórí Kẹ̀kẹ́ ní Mallorca

Oòrùn erékùṣù Mallorca ní ilẹ̀ Spéìn dára púpọ̀, ẹ̀yin òǹkàwé, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ kò gba gbẹ̀rẹ́. Ọjọ́ méje la fi gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ láti gbára dì fún ìdíje.

Sa Calobra ló le jù. Ọ̀nà tí Antonio Parietti là ní 1932 yìí lọ́ bí ejò. Níbì kan ó tilẹ̀ gba abẹ́ ara rẹ̀ kọjá! Ẹ ó kọ́kọ́ sọ̀ dé etí òkun, kí ẹ tó gun un padà, nítorí kò sí títì mìíràn. Ó ju kìlómítà 9 lọ. Omi ìgò mi tán, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá arúgbó kan yà mí sílẹ̀, ó juwọ́, kò tilẹ̀ mí hẹlẹ. Mo fi ìbínú tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú 52 ni mo fi dókè, n kò sọ̀ kalẹ̀.