Ta Ni Yóò Tún Owó Tí Kò Ní Olórí Ṣe?

Àdéhùn ni owó. Bébà kì í ṣe owó fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìkarahun inú òkun kì í ṣe owó fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà bá fẹnu kò ni ó tó di owó. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìlú Awo lóhùn nígbà tí wọ́n bá bi mí pé: “Sà, bí Bitcoin bá lọ́ra tó bí wọ́n ṣe ń wí, kí ló dé tí àwọn onímọ̀ kò tún un ṣe?”

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo owó ẹyọ. Láti erékùṣù Maldives ni àwọn oníṣòwò ti ń kó ẹyọ kéékèèké wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn wá láti agbègbè Zanzibar, èyí tí ó tóbi jù, tí owó tí wọ́n fi ń rà á kò sì tó nǹkan. Ẹyọ wá pọ̀ lọ́jà, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀, débi pé alárù ni ó ń ru owó ọjà ńlá. Kò sí ọba kan tó ni ẹyọ. Nítorí náà, kò sí ọba kan tó lè tún un ṣe fún gbogbo ilẹ̀.

Irú owó bẹ́ẹ̀ ni Bitcoin, tí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto dá sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2009. Ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan ni, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni ojú-ìwé tuntun máa ń wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 2010, wọ́n fi òdiwọ̀n sí i pé ojú-ìwé kan kò gbọdọ̀ ju mẹ́gábáìtì 1 lọ. Èyí kò gba ju nǹkan bí ìsanwó méje lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i, ìlà gùn, owó ìfiránṣẹ́ sì ga.

Àwọn kan ní kí a mú ojú-ìwé tóbi. Àwọn mìíràn ní rárá: bí ìwé náà bá wúwo jù, kọ̀ǹpútà mẹ̀kúnnù kò ní lè gbé e mọ́, ọwọ́ àwọn olówó díẹ̀ ni yóò sì bọ́ sí. Ìjà náà gbóná láti ọdún 2015 títí di 2017. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, apá kan yà kúrò, wọ́n sì dá Bitcoin Cash sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà, àwọn tó kù gba àtúnṣe tí a ń pè ní SegWit wọlé, èyí tí ó tún ìtò ojú-ìwé ṣe kí ó lè gba ohun púpọ̀ sí i. Àtúnṣe ńlá tó tẹ̀ lé e, Taproot, kò wọlé títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2021.

Kì í ṣe pé àtúnṣe kò ṣeé ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn ọmọ Ethereum tẹ́ ọ̀nà tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni wọ́n tó kó sórí rẹ̀, iná mànàmáná tí owó náà ń jẹ sì dín kù ju ìdá 99 nínú 100 lọ.

Náírà ní olórí ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà. Gbèdéke jẹ́ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 2023. Wọ́n sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì. Àwa tí a wà níhìn-ín mọ ohun tí ojú wa rí. Mo rí ẹni tó ní owó ní báńkì tí kò rí gààrí rà, mo sì rí àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n kó ẹrù délé nítorí pé kò sí bébà lọ́wọ́ oníbàárà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ. Àṣẹ yá kánkán. Ìfẹnukò ni kò sí níbẹ̀.

Èmi kò fi èyí yin ìlọ́ra. Tálákà tó fẹ́ fi owó kékeré ránṣẹ́ ni owó ìfiránṣẹ́ ń pa lára jù. Ṣùgbọ́n owó tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dà bí ẹ̀rọ tí mẹkáníìkì kan lè tú palẹ̀ kí ó tò ó padà. Ìmọ̀ nìkan kò tó. Àwọn tó ń ná an gbọ́dọ̀ gbà. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá gbé “Bitcoin tuntun tó dára jù” wá bá yín, ẹ má kàn bi í léèrè bí ó ṣe yá tó. Ẹ bi í pé: ta ló ti gbà á? Ta ló sì lè yí i padà láìbi wá? Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.