Ojú Onímọ̀ ni, Àbí Iye Góòlù?

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa mọ bọ́ọ̀lù gbá, bàbá rẹ̀ sì fẹ́ kó fi ìwé sílẹ̀ lọ bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n ní káwa dá sí i. Àwọn kan láàárín wa ní ká ka iye góòlù tó ti gbá wọlé. Àwọn tó kù ní ká pe ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù kó wá fojú wò ó.

Ibi tí àwa ti rí ọgbọ́n kọ́ ni ilẹ̀ Saudi Arabia, lọ́dún 1989. Jeddah, níbi tí àwọn alálàájì wa máa ń bà sí kí wọ́n tó wọ Mẹ́kà, wà lára àwọn ìlú tó gba àlejò ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù. Ẹ̀bùn méjì ló jáde. Kíkà ni wọ́n fi yan ọ̀kan: Oleg Salenko ọmọ Soviet gbá góòlù 5 wọlé, ó gba bàtà wúrà. Ojú àwọn onímọ̀ ló yan èkejì: Bismarck ọmọ Bràsíìlì gba bọ́ọ̀lù wúrà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ipò kẹta ni Bràsíìlì wà. Portugal ló gba ife, àwa Nàìjíríà ni wọ́n nà ní 2-0.

Ta ló wá jàre? Lọ́dún 1994, nínú Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, Salenko gbá góòlù 5 sáwọ̀n Cameroon nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó ṣe é rí ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó ń ka góòlù á ní, ṣé ẹ rí i! Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò gbá bọ́ọ̀lù fún Rọ́ṣíà mọ́ láéláé. Kíkà rí góòlù, kò rí ọ̀la.

Ojú náà ńkọ́? Ní Dammam, ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1989, Soviet ti na àwọn ọmọ wa ní 4-0. Onímọ̀ wo ni kò ní sọ pé ó ti parí? Wọ́n dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, wọ́n tún borí nínú pẹnáritì. (A ṣì ń fi ṣe fáàrí títí dòní.) Mutiu Adépòjù ọmọ Ìbàdàn wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, ọdún náà gan-an ni Real Madrid mú un sí ẹgbẹ́ wọn kékeré. Agbábọ́ọ̀lù àárín ni. Ẹni tó bá ń ka góòlù nìkan, kò ní rí ìdajì iṣẹ́ irú wọn.

Àwa fara mọ́ ojú jù, àmọ́ a ò fọkàn tán ojú ẹnì kan ṣoṣo. Onímọ̀ náà lè jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá ọmọ. Ìwé tí wọ́n kọ góòlù sí kì í ṣojúsàájú.

A ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó fún wa ní ọdún kan. Ọmọ á máa kàwé, á máa gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé. A ó máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì wá ẹni méjì tí kò mọ ìdílé rẹ̀, kí wọ́n wò ó nígbà tí wọ́n bá ń na ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá ní òun á rò ó.