Kí Ẹsẹ̀ Ṣíwájú Ìgò

Láàárọ̀ Sátidé ní Tafo, ní Kumasi, àwọn ẹgbẹ́ kíìpù-fíìtì a máa sáré lójú títì, wọn a máa kọrin, wọn a máa pàtẹ́wọ́. Kò jìnnà síbẹ̀, àwọn kan ti to ìgò sórí tábìlì: òróró ẹja, kápúsù aáyù, fítámì oríṣiríṣi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo méjèèjì pọ̀ nítorí ọkàn wọn, wọ́n á ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe náà dára, àmọ́ kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Eré ìdárayá ló ń ṣiṣẹ́. Ìgò kàn ń bá a pín ìyìn ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Tafo, wà lára àwọn Yorùbá tí òfin ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, lé kúrò ní Ghana lóṣù Kọkànlá ọdún 1969. Nígbà tó yá, Màmá padà sídìí ọjà wọn níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn, abenkwan, ọbẹ̀ ẹyìn, ni wọ́n ń sè, wọ́n sì ju momoni, ẹja oníyọ̀ tó ń rùn sánsán, sínú rẹ̀. Bí a ti jẹun tán, wọ́n fa ìgò òróró ẹja yọ, wọ́n gbé hóró kan mì.

"Màmá, ìgbà wo lẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò gbẹ̀yìn?"

"Ọmọ mi, látìgbà tí mo ti ń lo èyí, kí ni mo tún ń yẹ̀ wò?"

Ìdáhùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ó lè máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí rọpárọsẹ̀ tó dé, kí ìgò sì ti fi ẹni náà lọ́kàn balẹ̀.

Ní 2018, àbájáde ìwádìí VITAL jáde ní Amẹ́ríkà. Àgbàlagbà 25,871 ló kópa. Òróró ẹja omega-3 àti fítámì D tí wọ́n lò fún nǹkan bí ọdún márùn-ún kò dín àpapọ̀ ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú àrùn ọkàn kù lọ́nà tó ṣeé gbọ́kàn lé.

Ìgò tilẹ̀ lè fa eré ìdárayá sẹ́yìn. Ní 2009, Michael Ristow àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ara àwọn tí kò lo fítámì túbọ̀ ń jẹ́ ìpè insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ń lo fítámì C àti E lójoojúmọ́ kò rí àǹfààní yẹn. Bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, èròjà kan máa ń jáde tó ń ta ara jí láti tún ara rẹ̀ ṣe. Àlàyé wọn ni pé fítámì àpọ̀jù ń pa èròjà náà kó tó jíṣẹ́.

Ní ilẹ̀ Ashanti gan-an, Francesco Cappuccio, Jacob Plange-Rhule àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣèwádìí ní abúlé 12, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006: bí iyọ̀ tí èèyàn ń jẹ ṣe ń pọ̀ sí i ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń ga sí i. Inú ìkòkò ọbẹ̀ Màmá gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni da ìgò rẹ̀ nù. Dókítà lè rí ohun tí ara ẹni ṣaláìní, kó sì kọ àfikún fún un. Àmọ́ kí ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, má ṣe dédé fi kápúsù aáyù kún un, kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa dà láìdá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ìrìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lọ́jọ́ márùn-ún, ti kájú ẹ̀. Mo bẹ Màmá Tafo, mo sì bẹ ẹ̀yin náà: ẹ lọ yẹ ìfúnpá yín wò, ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ máa rìn. Bí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹja tútù ni kẹ́ ẹ fi rà.