Ewé Akíntọ́lá àti Igi Ọ̀gánwó

Ní ìlú Bìní, nínú ọjà tí ó wà nítòsí òbìrípo ńlá tí àwọn òpópónà ìlú náà ti ń pàdé, obìnrin Yorùbá kan wà tí ó ti ń ta ewé àti egbò láti ìgbà tí Ìpínlẹ̀ Ẹdó ṣì ń jẹ́ Bendel. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ti jogún ìsọ̀ náà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́wé ni àwọn Yorùbá ń pè é. Àwọn ọmọ Ẹdó ń pè é ní Iye, èyí tí í ṣe ìyá ní èdè tiwọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò wọ́n omi sí àwọn ewé tútù, yóò sì to ọjà rẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́: eèrù níhìn-ín, orógbó lọ́hùn-ún, èèpo ọ̀gánwó, èèpo ahùn, àti egbò oríṣiríṣi tí ilẹ̀ pupa ṣì lẹ̀ mọ́. Ewé akòko kì í wọ́n níbẹ̀. Ewé yìí ni ó kọ́kọ́ mú òun àti àwọn onílé rẹ́, nítorí pé bí Yorùbá ti ń fi akòko joyè ni àwọn Ẹdó ń pe igi kan náà ní ikhinmwin, tí wọ́n ń gbìn ín sí ojúbọ àti sí ààlà ilẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, ọkùnrin tí ó máa ń kó èèpo igi wá fún un dé pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Ọmọ Udo ni ọkùnrin yìí, ìlú kan tí ó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Bìní. Ọdẹ ni baba rẹ̀, òun náà sì mọ igbó. Ìyá Ẹlẹ́wé tú àpò náà sílẹ̀, ó mú èèpo kan, ó sì dákẹ́. Èèpo ọ̀gánwó tí ó mọ̀ a máa nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ká po bí ẹní. Ó hàn gbangba pé igi kékeré ni wọ́n bó, àti pé wọ́n bó o yíká.

"Ṣé igi yìí ṣì wà láàyè?" ni ó bi í.

"Ẹ má bínú, Iye. Èyí tí mo rí nìyẹn. Àwọn ńlá ti tán níbi tí mo ti ń rí wọn."

Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé ẹ̀gbẹ́ kan ni a ń gé lára igi, pé a ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Kì í ṣe èèwọ̀ lásán. Abẹ́ èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń ṣe ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Ẹni tí ó bá bó igi yíká ti fi ebi sé gbòǹgbò mọ́lé, igi náà yóò sì kú lórí ìdúró. Ìyá Ẹlẹ́wé mọ èyí dájú. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ti ń dúró níwájú ìsọ̀ láti òwúrọ̀, ó pọn ọmọ tí ibà ń ṣe sẹ́yìn, ọ̀gánwó ni ó sì wá rà. Ìyá Ẹlẹ́wé san owó fún ọkùnrin náà, ó di èèpo fún obìnrin náà, ó sì gba owó tirẹ̀. Owó ọjọ́ náà kò dùn ún kà.

Nígbà tí ọkùnrin Udo tún dé, kò bèèrè ohun tí ó rù wá. Ohun tí ó wí ni pé, "Mú mi dé ibi tí o ti bó igi yẹn."

Ojú ọ̀nà Sìlúkò ni wọ́n gbà. Kí wọ́n tó kúrò ní ìlú, wọ́n kọjá lára yàrà àtijọ́ tí àwọn ará Bìní gbẹ́ yí ìlú wọn ká, irú èyí tí Yorùbá náà gbẹ́ yí ọ̀pọ̀ ìlú ká. Nínú yàrà yìí ni Ìyá Ẹlẹ́wé àti ìyá rẹ̀ ti máa ń já ewé nígbà tí ó wà ní ọmọdé, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í dáko síbẹ̀, igi sì dàgbà níbẹ̀ bí ó ti wù ú. Ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí, ilé ti dé bèbè rẹ̀, àwọn ènìyàn sì sọ inú rẹ̀ di ààtàn.

Lẹ́yìn ìlú, ohun gbogbo tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ewé lè rò pé igbó ni òun ń wò. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni, ní ìlà gbọọrọ. Lẹ́yìn rọ́bà, ọ̀pẹ ni, ní ìlà gbọọrọ. Àlejò ni igi rọ́bà yìí, láti Bràsíìlì ni ó ti wá. Kí ó tó gbilẹ̀, ìrẹ́ ni igi rọ́bà tiwa. Nígbà tí òwò rọ́bà gbóná ní ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1890 sí 1899, àwọn ènìyàn kọ ìrẹ́ lára láìdáwọ́dúró títí àìmọye rẹ̀ fi kú, òwò náà sì rọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gánwó lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wé kì í ṣe tuntun, nígbà náà.

Ní ọdún 1912 ni ìjọba àwọn òyìnbó ya igbó Òkómù, tí ó wà lẹ́bàá Udo, sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba. Ó tó nǹkan bí 120,000 hẹ́kítà. Láti ìgbà náà ni àwọn agégẹdú ti ń wọ̀ ọ́, àwọn kan pẹ̀lú ìwé àṣẹ, àwọn kan láìní in. Bí ènìyàn bá dé ilé ìtajà pákó ní Lọ́ńdọ̀nù, yóò gbọ́ iroko, opepe àti afara, tí í ṣe èdè Yorùbá. Yóò gbọ́ obeche, tí í ṣe èdè Ẹdó. Yóò sì gbọ́ Sapele, tí í ṣe orúkọ ìlú tí wọ́n ti ń kó gẹdú sọ́kọ̀ ojú omi. Àwọn òyìnbó tọ́jú orúkọ náà dáadáa. Ní ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ oko ọ̀pẹ kan nínú igbó ọba yìí kan náà, èyí tí ó gba ju 15,000 hẹ́kítà lọ lára rẹ̀. Ní ọdún 1985, ìjọba Ìpínlẹ̀ Bendel ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ẹranko, pàápàá nítorí ọ̀bọ ọlọ́fun funfun kan tí ó ń gbé ní gúúsù Nàìjíríà. Ní ọdún 1999, ibẹ̀ di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè. Nǹkan bí 20,000 hẹ́kítà ni ọgbà náà lónìí, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́fà igbó àkọ́kọ́. Díẹ̀ nínú àwọn erin igbó ṣì wà níbẹ̀.

Ọkùnrin Udo kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọgbà náà, kì í sì í wọ̀ ọ́. Ibi tí ó mú Ìyá Ẹlẹ́wé lọ wà lẹ́yìn òde, ní ahoro oko kan tí àwọn agégẹdú ti kọjá níbẹ̀ ṣáájú àwọn àgbẹ̀. Kí wọ́n tó dé ìdí igi náà, àdá ni wọ́n fi la ọ̀nà, nítorí pé ewé kan ṣoṣo ni ó bo gbogbo ibẹ̀, ó ga ju ènìyàn lọ, ó lọ́ mọ́ra bí irun tí a kò yà. Ewé Akíntọ́lá ni.

Ìtàn ewé yìí yẹ ní sísọ ní kíkún. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àárín àti ti gúúsù ni ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pè é wá. Ní ọdún 1937, wọ́n kó èso igi mẹ̀línà láti Séílónì, tí à ń pè ní Sri Lanka nísinsìnyí, wá sí Nàìjíríà fún gbígbìn nínú igbó ọba. Àárín èso náà ni èso Akíntọ́lá fara pamọ́ sí. Nígbà tí ó fi di ọdún 1942, wọ́n ti rí i ní agbègbè Enugu. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba gbogbo gúúsù. Èso rẹ̀ fúyẹ́, ó ní irun, atẹ́gùn ń gbé e. Ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àgbẹ̀, mọ́ irun ẹran, mọ́ ọkọ̀ agégẹdú. Nígbà tí ó bá gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, iná a máa tètè mú un, iná náà a sì pa àwọn ọmọ igi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀, òun nìkan ni yóò tún hù láti ìdí. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ lórúkọ ní ìgbà tí ìjà òṣèlú Ìwọ̀-oòrùn gbóná. Àwọn kan pè é ní Akíntọ́lá, àwọn mìíràn pè é ní Awólọ́wọ̀, olúkúlùkù sì mọ ohun tí ó ní lọ́kàn.

Ó tún mú ọ̀rẹ́ dání. Tata aláràbarà tí ó máa ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́ràn òdòdó Akíntọ́lá ju oúnjẹ lọ. Àwọn onímọ̀ kòkòrò ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀: oró kan wà nínú òdòdó náà tí tata ń kó pamọ́ sára, tí ó sì ń fi dáàbò bo ẹyin rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Ibi tí ewé yìí bá pọ̀ sí, tata a pọ̀ sí i, àgbẹ̀ a sì sunkún ẹ̀gẹ́.

Síbẹ̀, ewé Akíntọ́lá ní àléébù kan: kò fẹ́ràn òjìji. Nínú igbó tí igi rẹ̀ ṣì para pọ̀ lókè, kò lè gbilẹ̀, oòrùn ni ó ń wá. Ibi tí ènìyàn bá ti gé igi tí ìmọ́lẹ̀ wọlé ni ó ń gbà wọlé. Nítorí náà, àwọn tí ń ka ẹ̀ṣẹ̀ igbó sí ewé àjèjì lọ́rùn, àti àwọn tí ń kà á sí àáké lọ́rùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Àáké ṣílẹ̀kùn, ewé wọlé.

Kì í sì í ṣe gbogbo àlejò ni ọ̀tá. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ìbẹ́pẹ, àlejò ni gbogbo wọn. Dongoyaro tí Ìyá Ẹlẹ́wé ń tà fún ibà, láti apá Íńdíà ni ó ti wá. Ewé Akíntọ́lá pàápàá, bí àdá bá gé àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀, òun ni wọ́n ń ra sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹni tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni àlejò tí ó dé tí kò sì jẹ́ kí onílé ríbi jókòó. Irú rẹ̀ ni ọ̀pẹ etí òkun tí wọ́n mú láti Singapore wá sí Calabar ní ọdún 1906, tí ó ń lé igi ẹ̀gbà kúrò létí omi títí di òní. Irú rẹ̀ náà ni ewé olódòdó elése àlùkò tí ó gba ọ̀sà Badagry wọ Nàìjíríà ní ọdún 1984, tí ó sì dé àwọn odò Ìlàjẹ àti ti Bìní, tí ó bo ojú oró àti òṣíbàtà tí àwọn àgbà wa fi ń wúre pé wọn kì í rì.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa Òkómù tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1950 wá rí èédú àti àpáàdì lábẹ́ àwọn igi ńlá. Àwọn ènìyàn ti dáko níbẹ̀ rí. Wọ́n ṣí kúrò, igbó sì padà, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó dé lẹ́yìn rò pé kò sí ẹni tí ó tẹ ibẹ̀ rí. Ó dára láti gbọ́ pé igbó lè padà. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ìyá igi wà nítòsí, erin, ọ̀bọ àti àtíòro sì ń jẹ èso, wọ́n ń gbé kóró rẹ̀ káàkiri. Ewé Akíntọ́lá kò sì tíì dé.

Wọ́n bá igi náà. Ó dúró láàárín ewé, ó ti funfun, kò ní ewé kan lórí. Ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ ènìyàn lè dé, kò sí èèpo kankan lára rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́wé gbé ọwọ́ lé e.

"Mélòó ni irú èyí?"

"Mẹ́rin," ni ọkùnrin náà wí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Iye, bí n kò bá bó o, ẹlòmíràn yóò bó o. Ẹ̀yin náà ni ẹ rà á."

Kò dá a lóhùn, nítorí pé òótọ́ ni.

Ní ọ̀nà ilé ni ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òun kò ní í ra èèpo tí ó ká po mọ́. Èyí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó nípọn, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ ni òun ó rà, òun ó sì san ìlọ́po méjì. Ó ní bí ó bá rí ìyá ọ̀gánwó tí ó so, kí ó ṣa èso rẹ̀ wá nígbà tí wọ́n bá là, kí afẹ́fẹ́ tó gbé wọn sáàárín Akíntọ́lá. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Ó ná an lówó. Oṣù méjì kọjá tí ọ̀gánwó kò sí ní ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń lọ sí ìsọ̀ kejì, níbi tí èèpo ká po wà ní ọ̀pọ̀ yanturu. Èso mẹ́wàá ni ó gbìn sínú àpò omi tí ó ti ṣófo lẹ́yìn ilé. Mẹ́ta ni ó hù, ewúrẹ́ sì jẹ ọ̀kan nínú wọn.

Ní oṣù kẹta, ọkùnrin Udo dé pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́wé kò kí i tán tí ó fi da ọjà náà sílẹ̀. Ó mú èèpo kọ̀ọ̀kan, ó tẹ ọwọ́ lé e láti mọ bí ó ti fẹ̀ tó, ó fi àtàǹpàkò wọn nínípọn rẹ̀. Ó yọ méjì sọ́tọ̀, ó dá wọn padà fún un. Lẹ́yìn náà ni ó tú owó létí aṣọ rẹ̀.